Saa Nne Kì Í Ṣe Aago Mẹ́rin: Ohun Tí Watamu Kọ́ Mi Nípa Ṣíṣètò Ọjọ́ Kan Fún Igbó àti Òkun

Ọlọ́kọ̀ náà kò parọ́ fún mi. "Saa nne" ló wí lórí fóònù, mo sì gbọ́ ọ kedere. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń gbé Mombasa, ní Kẹ́ńyà, nígbà náà, mo lè fi Kiswahili ná tòmátì títí ìyá ọlọ́jà á fi dín owó fún mi, mo sì mọ̀ pé "nne" ni mẹ́rin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èmi àti ará ilé mi mẹ́fà tó ti Ìbàdàn wá kí mi sọ̀ kalẹ̀ sí etíkun Watamu. Àwọn ọmọ ti wọ aṣọ ìwẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé kúlà sọ́wọ́. Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ti ká ìró sókè bí ẹni tó fẹ́ sọdá odò. A kò bá ọkọ̀ kankan tó fẹ́ gbéra.

Omi ti kún bámúbámú. Ọlọ́kọ̀ jókòó sábẹ́ igi, ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Ó ní òun dúró dè wá láàárọ̀ títí, òun pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, kò wọlé. Mo ní ṣebí aago mẹ́rin la jọ sọ. Ó wò mí lójú, ó bú sẹ́rìn-ín, ó wá bi mí léèrè ohun tí mi ò tíì gbàgbé títí dòní: "Ta ló ń lọ wo iyùn nígbà tí omi kún?" Iyùn inú òkun ló ń wí, àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó ń kọ́ àpáta lábẹ́ omi; ìgbà tí omi bá fà ni ojú ń tó o dáadáa.

Àwọn ará etíkun yẹn kì í ka wákàtí láti àárín òru bí tiwa. Ìgbà tí oòrùn bá yọ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Kẹ́ńyà wà lágbedeméjì ayé, nítorí náà nǹkan bí aago mẹ́fà ni oòrùn ń yọ níbẹ̀ láti oṣù kìíní títí dé ìkejìlá. Aago méje wa ni wákàtí kìíní wọn, aago mẹ́jọ ni ìkejì. Saa nne, wákàtí kẹrin, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Lásìkò tí ọkùnrin yẹn ń dúró dè wá lórí iyanrìn, ọ̀nà Kilifi la wà, à ń ra kajú sínú mọ́tò.

Mo ti san gbèsè ìtìjú yẹn tán, mo lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n aago nìkan kọ́ ló bà wá jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ètò mi gan-an ni kò dára. Mo tẹ ètò náà sórí ìwé bí ètò ìsìnkú arúgbó: ohun mẹ́fà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Igbó Arabuko-Sokoke, ilé labalábá tó wà ní Gede, àwókù ìlú àtijọ́ Gede, ọkọ̀ ojú omi, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ìjàpá òkun, lẹ́yìn náà Mida Creek, apá òkun tó ya wọ inú ilẹ̀, tí ẹyẹ máa ń pọ̀ sí. Mo wo àwòrán ilẹ̀ lórí fóònù, mo rí i pé gbogbo wọn sún mọ́ra. Òótọ́ ni, wọ́n sún mọ́ra. Ohun tí mi ò rò ni pé ẹranko kì í wo àwòrán ilẹ̀.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ la kúrò ní Mombasa. Ọ̀nà náà kò pé kìlómítà 120, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Mtwapa mọ̀ pé kìlómítà kọ́ là ń kà níbẹ̀. Aago mọ́kànlá kọjá kí á tó dé ẹnu ọ̀nà igbó. Wọ́n kọ́kọ́ dá wa dúró nítorí kúlà wa. Àǹtí mi ti se mọ́ínmọ́ín sínú ọ̀rá, ó di púfúpúfù sínú ọ̀rá, ó kó ike omi méjìlá, ó sì fi ọ̀rá dúdú ńlá kan di gbogbo rẹ̀ papọ̀. Láti ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 2017 ni Kẹ́ńyà ti fòfin de ọ̀rá tí à ń gbé ọjà sí. Láti ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2020, ike omi àti ohun ìlò ẹlẹ́ẹ̀kan kò gbọdọ̀ wọ inú ọgbà ẹranko àti igbó ọba mọ́. Èmi ni mò ń gbé orílẹ̀-èdè náà, èmi ni mi ò sọ fún wọn. A tú ẹrù sílẹ̀ lábẹ́ oòrùn, à ń já mọ́ínmọ́ín kúrò nínú ọ̀rá sínú ìkòkò. Àǹtí mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan.

Nígbà tí a fi wọ inú igbó, igbó ti dákẹ́. Ooru mú, ewé kò mì. Afinimọ̀nà wa, ọmọ ẹ̀yà Giriama kan tí ohùn rẹ̀ tutù, fi ipa ẹsẹ̀ àti ìgbẹ́ hàn wá, ó sì sọ fún wa bí ẹni ń tọrọ àforíjì pé gbogbo àwọn tí a wá kí ti lọ sinmi. Ní Gede, ọ̀bọ kan já púfúpúfù gbà lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀bọ yẹn nìkan ni ẹranko tí a rí tímọ́tímọ́ lọ́jọ́ náà, òun ló sì wá bá wa.

Ìbéèrè ọlọ́kọ̀ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ lẹ́yìn nígbà tí wọ́n padà sílé. Ta ló ń lọ wo iyùn nígbà tí omi kún? Òkun máa ń kún lẹ́ẹ̀mejì, ó máa ń fà lẹ́ẹ̀mejì, láàárín wákàtí 24 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Ìṣẹ́jú 50 yẹn ló ń jẹ́ kí àkókò rẹ̀ máa sún síwájú lójoojúmọ́, kí ẹni tó bá ọkọ̀ ṣàdéhùn "aago mẹ́wàá" lọ́sẹ̀ yìí lè bá omi tó kún lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ní wákàtí kan náà. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tí ó bá di àrànmọ́jú, oòrùn àti òṣùpá jọ ń fa omi pa pọ̀. Omi á wá fà jìnnà réré, á sì kún gan-an. Ní àgbègbè Watamu, láwọn ọjọ́ bẹ́ẹ̀, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni omi ń fà tán, nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ó ń kún tán. Lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà pátápátá, omi kì í sì í fà jìnnà mọ́.

Ẹ wò ó, nígbà tí mo lóye èyí, ńṣe ni mo dìde níbi tí mo jókòó sí. Igbó ń fẹ́ ìdájí. Iyùn ń fẹ́ kí omi fà. Ẹyẹ Mida ń fẹ́ omi tó ń kún bọ̀, nítorí omi ló ń lé wọn kúrò lórí ẹrọ̀fọ̀ tó jìnnà wá sí ìtòsí. Bí omi bá fà tán ní aago mẹ́wàá, ọjọ́ kan ṣoṣo lè gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìfi ipá mú un: igbó ní mẹ́fà, òkun ní mẹ́sàn-án, Mida ní mẹ́ta ọ̀sán. Oṣù tó wà lókè ni mo ní láti máa wò, kì í ṣe kàlẹ́ńdà ìsinmi ilé ìwé. Bàbá mi àgbà tó jẹ́ àgbẹ̀ ì bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìgbà nínú ọdún tún wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ méjì ló ń pín ọdún etíkun yẹn láàárín ara wọn. Kusi ń ti gúúsù fẹ́ wá láti nǹkan bí oṣù kẹrin, ó ń ru òkun, ó sì ń jẹ́ kí omi dàrú. Kaskazi ń ti àríwá fẹ́ láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, ìgbà yẹn ni omi ń mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n àkókò kusi náà, láti oṣù keje títí di oṣù kẹsàn-án, ni àbùùbùtán oníké máa ń kọjá níbẹ̀, láti ìhà gúúsù ayé tó tutù wá bímọ nínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹni tó fẹ́ rí àbùùbùtán àti iyùn dáadáa lọ́jọ́ kan náà ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ẹ mú ọ̀kan.

Oṣù Kérésìmesì ọdún 2024 ni wọ́n tún dé. Oṣù tuntun máa lé ní òru tí ọjọ́ 30 fi ń di ọjọ́ 31. Mo mú ọjọ́ 31. Àǹtí mi ní kò burú, bí mo bá ti lè gbé òun padà dé Mombasa kí ìsọ́ òru tó bẹ̀rẹ̀. Òun kò ní torí ẹja pàdánù ìsọ́ òru. Mo ṣèlérí. Mo sì fa igi lé mẹ́ta nínú ohun mẹ́fà tó wà lórí ìwé àtijọ́ yẹn. Gede lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún yẹn gan-an ni UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ibi àjogúnbá àgbáyé; àwókù kì í sá, a ó tún padà bá a. Labalábá lọ. Ibi ìtọ́jú ìjàpá lọ, èyí sì dùn mí, nítorí iṣẹ́ tí Local Ocean Conservation ti ń ṣe níbẹ̀ láti ọdún 1997 yé mi: bí ìjàpá òkun bá kó sínú àwọ̀n apẹja, apẹja á pè wọ́n, wọ́n á wá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á tú u sílẹ̀, wọ́n á sì fún apẹja ní ìwọ̀nba owó díẹ̀ kí àwọ̀n rẹ̀ má bàa ṣòfò. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje tí ó ti jí láti aago márùn-ún kò lè fetí sí àlàyé lọ́sàn-án gangan.

A ti sùn sí Watamu láti alẹ́ ọjọ́ 30. Owó ilé ìtura kan, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun ni owó tó níye lórí jù nínú gbogbo ohun tí mo ná. Owó ìwọlé, orí fóònù ni mo ti san án sílẹ̀, nítorí àjọ tó ń bójú tó ẹranko ní Kẹ́ńyà kì í gba owó lọ́wọ́ mọ́. Mo sì mú káàdì olùgbé mi dání, torí iye tí àlejò ń san ju ti ẹni tó ń gbé ibẹ̀ lọ fíìfíì. Omi wà nínú ìgò irin. Mọ́ínmọ́ín wà nínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àǹtí mi ló se é, ó sì gbé e kọjá níwájú mi lẹ́ẹ̀mejì kí n lè rí i.

Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, a ti wà nínú igbó. Arabuko-Sokoke tó nǹkan bí kìlómítà 420 níbùú lóròó, òun ló tóbi jù nínú èyí tó ṣẹ́ kù lára igbó gbígbẹ etíkun Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Erin wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n erin kọ́ la bá wá. Asín kan la wá wò, asín tí kò sí nílẹ̀ wa, tí Kiswahili àti èdè mìíràn níbẹ̀ ń pè ní sengi. Ó tóbi tó ọmọ ehoro, imú rẹ̀ gùn bí ọwọ́jà, ó sì ń fi í wú ewé gbígbẹ láti wá kòkòrò. Ìdí rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni pé ó jókòó sínú gàrí elépo tí kò sì gbọnra. Àwọn onímọ̀ ti rí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé kì í ṣe ẹbí eku rárá. Erin àti ọ̀wàwà ló bá tan. Nígbà tí mo sọ èyí, ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni.

Afinimọ̀nà náà, ọ̀kan náà ti ọdún 2023, ní kí á dúró, kí á má rìn. Ẹbí wa kì í dákẹ́. Mo ti sọ fún àwọn ọmọ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni yóò fọ àwo alẹ́. A dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀fọn ń jẹ wá. Lẹ́yìn náà a gbọ́ ọ: ṣìn-ìn, ṣìn-ìn, nínú ewé gbígbẹ. Ó yọ láti abẹ́ igi kan, ó ń wú ilẹ̀, ó dúró, ó fi ìrù lu ewé pátápátá, ó sì fò bí òkúta inú kànnàkànnà. Ìdí aláwọ̀ gàrí yẹn la rí kẹ́yìn. Bóyá ó tó ìṣẹ́jú ààyá mẹ́wàá. "Ó ti lọ?" ni ẹ̀gbọ́n mi fọ̀ sókè, òun ló sì fọ àwo.

Òwìwí kékeré kan wà nínú igbó yẹn, òwìwí Sokoke, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ púpọ̀. Apá ibi tí ilẹ̀ pupa wà ló ń gbé, ó jìnnà sí ibi tí a wà, a ì bá fi wákàtí méjì wá a. A fi í sílẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ ẹyẹ á ní mo dẹ́ṣẹ̀. Àǹtí mi ní ṣé mo rí ìdí tí òun fi ń gbàdúrà kí á tó kúrò nílé, pé ta ló ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá òwìwí lọ.

Aago mẹ́sàn-án, a wà nínú ọkọ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ gíláàsì. Ọdún 1968 ni wọ́n ti ya omi Watamu sọ́tọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja nínú rẹ̀, ẹja ibẹ̀ sì mọ̀. Wọn kì í sá. Ọlọ́kọ̀ ní kí á má fi ìpara oòrùn para kí á tó wọ omi, kí á wọ aṣọ alápá gígùn dípò rẹ̀, torí pé àwọn kẹ́míkà kan nínú ìpara máa ń ṣèpalára fún iyùn. Èmi àti àwọn ọmọ fi gíláàsì bojú, a fi ọ̀pá ìmí sẹ́nu, a di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Ẹja kan wà níbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ rí bí ti odídẹrẹ́, ó ń gé ara àpáta iyùn jẹ, a sì ń gbọ́ ọ lábẹ́ omi bí ẹni ń rún gúgúrú gbígbẹ. Ohun tó bá ti rún tán, iyanrìn ló ń di. Apá kan nínú iyùn náà ti kú, ó funfun. Ọlọ́kọ̀ ní ooru omi ọdún 1998 pa púpọ̀ níbẹ̀, ibòmíràn sì ti tún hù. Ìjàpá òkun kan yọrí, ó mí, ó wò wá, ó rì. A kò rí dọ́fíìnì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sunkún díẹ̀ nítorí pé bàbá rẹ̀ ti ṣèlérí dọ́fíìnì fún un láti Ìbàdàn. Ẹ má ṣèlérí ẹranko fún ọmọdé. Ẹ ṣèlérí ọkọ̀.

Àǹtí mi kò wọ omi. Nígbà tí a padà, omi ti fà tán, àpáta ti hàn dé ọ̀nà jíjìn, adágún kékeré-kékeré sì wà láàárín wọn. Ibẹ̀ ni mo ti bá a, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ìka sí omi, kò fọwọ́ kàn án. "Wá wo nǹkan yìí," ló wí. "Àbí ojú mi ni?"

Owó ẹyọ ni. Owó ẹyọ gan-an, oríṣi tó ní òrùka aláwọ̀ ọsàn yí ẹ̀yìn ká. Ṣùgbọ́n awọ rírọ̀ kan bò ó láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ìwo tíńtín méjì yọ níwájú rẹ̀, ó sì ń rìn. Àǹtí mi ti rí owó ẹyọ lára igbá, lára aṣọ, lọ́rùn ọmọ àbíkú, nínú àpò tí ìyá ìyá wọn fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ó lẹ́mìí.

Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un. Pé ní nǹkan bí ọdún 1850, àwọn oníṣòwò Jámánì ń ra oríṣi yìí ní Zanzibar àti etíkun yìí, wọ́n ń fi ọkọ̀ òkun kó o lọ sí Èkó àti Ouidah, wọ́n ń fi ra epo pupa. Pé wọ́n kó o wá débi pé iye rẹ̀ wálẹ̀ lọ́wọ́ àwọn baba wa. Pé wọ́n ní láti jẹ́ kí ẹran inú rẹ̀ jẹrà kí ìkarahun tó mọ́ tónítóní. Àǹtí mi ń ṣírò. "Ọ̀kẹ́ kan, ọ̀kẹ́ mẹ́wàá níye," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀kẹ́ kan, ẹgbàáwàá ni, ẹyọ 20,000. Ó tún wo inú omi. "Gbogbo ìyẹn ló ń rìn báyìí?"

Ìgbà náà ni afinimọ̀nà etíkun sún mọ́ wa, ó sì sọ jẹ́jẹ́ pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mú ìkarahun kúrò nínú ọgbà náà, òkú tàbí ààyè. Àǹtí mi kò wojú mi. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú mẹ́ta jáde. Ó ní òfìfo ni wọ́n. Bó ṣe tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ akàn kékeré yọ láti inú ìkejì. Igbe tí Àǹtí mi ké, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ gbọ́. Akàn kan wà tí kò ní ìkarahun tirẹ̀, òfìfo tí òmíràn fi sílẹ̀ ló ń wá gbé, ìyẹn ló fà á tí òfìfo pàápàá fi ní onílé. Ó dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà síbi tó ti mú wọn, ó sì bẹ akàn náà.

A jẹun, a sùn. Aago mẹ́ta, Mida. Afárá pákó kan gba àárín igi ẹ̀gbà kọjá, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń dúró sínú omi bí ẹni tó ká ṣòkòtò. Nínú owó tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ ni wọ́n ti ń san owó ilé ìwé fún àwọn ọmọ tó ń gbé ẹ̀bá igbó, kí òbí wọn má bàa torí owó ilé ìwé gé igi. Omi ń kún bọ̀ bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, ó ń ti àwọn ẹyẹ ajakàn síwájú, funfun àti dúdú, ẹnu wọn ki bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Ìhà ilẹ̀ Lárúbáwá ni wọ́n ti ń wá, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ihò sínú iyanrìn láti yé ẹyin sí. Ẹ̀gbọ́n mi ka 43, ó ṣì í kà, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Aago mẹ́wàá alẹ́ kù díẹ̀ la wọ Mombasa. A dé ìsọ́ òru kí wọ́n tó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ sì sùn lé ara wọn lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí wọ́n ní kí á mú ọrẹ wá, Àǹtí mi tú etí ìró rẹ̀ láti mú owó jáde, iyanrìn Watamu ló kọ́kọ́ dà sílẹ̀.